Dókítà ni mí nílé, kéà ni mò ń ṣe ní Leeds. Ibo ni kí n ti mú ọ̀rọ̀ GMC (àjọ tó ń fún dókítà láṣẹ iṣẹ́ ní UK) yìí?

OmoMapo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn tó ṣe gúnmọ́ ni mò ń wá, torí "á dáa, Ọlọ́run á ṣe é" tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi, mo ti gbọ́ ọ yó.

Dókítà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kàwé, mo ṣe house job, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun máa ń ṣe lábẹ́ àgbà, fún ọdún kan gbáko, mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kebbi, lẹ́yìn náà mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìbàdàn, níbi tó jẹ́ pé èmi nìkan ni dókítà tó máa ń wà níbẹ̀ lóru, mo gbẹ̀bí, mo rán ojú ọgbẹ́, mo wo ọmọ tí gìrì mú, gbogbo ẹ̀ náà ni mo ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òun ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ síbí, vísà tiẹ̀ lèmi àti ọmọ wa fi tẹ̀lé e wá. Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí tá a ti wà ní Leeds.

Nígbà tí mo dé, mo sọ fún ara mi pé oṣù mẹ́fà péré ni mo máa fi ṣe kéà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, kí n fi rówó ìdánwò. Ṣùgbọ́n ṣíìfù wákàtí méjìlá ni o, kí n tó kúrò níbẹ̀ kí n lọ gba ọmọ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ torí ìyá ẹ̀ ti lọ fún náìtì, kí n wá oúnjẹ fún un, kí n wẹ̀ fún un, ìwé tí mo bá wá ṣí, orí ẹ̀ ni mo máa ń sùn sí. Oṣù mẹ́rìnlá, mi ò tíì ka tópíìkì mẹ́wàá tán.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí lónìí rèé. Bàbá kan wà nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, èmi ni mo máa ń wẹ̀ fún un láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ìbọ̀sẹ̀ ò gba ọrùn ẹsẹ̀ mọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó jin, kò tètè kún padà. Mo bi í pé ṣé ó ń sùn dáadáa, ó ní ìrọ̀rí mẹ́ta lòun ń lò báyìí, torí tóun bá sùn gbalaja èémí ò ní já gaara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ dókítà ti mọ ohun tí mò ń sọ: ó jọ pé ọkàn ẹ̀ ò gbé ẹ̀jẹ̀ kiri dáadáa mọ́. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ síwèé, pé GP, dókítà àdúgbò, ń bọ̀ lọ́la. Mo mú bírò, mo kọ "ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú." Gbogbo ohun tí mo lè kọ nìyẹn. GP dé, wọ́n fún un lóògùn tó ń jẹ́ kó máa tọ̀, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀, inú mi sì dùn fún un gan-an. Àmọ́ mo wọ yàrá tá a ti ń fọṣọ lọ lọ́jọ́ yẹn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Torí náà ẹ bá mi dá sí i. Ṣé PLAB (ìdánwò GMC fáwọn dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè) ni kí n ṣe ni àbí MRCP (ìdánwò àwọn tó fẹ́ di àgbà dókítà nínú medicine)? Láísẹ́ǹsì tí MDCN, àjọ tó ń mójú tó dókítà nílé, fún mi ti kú látìgbà tí mo ti kúrò nílé. Orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì MBBS (oyè dókítà) mi ní "Oluwa" níwájú, èyí tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù ò ní in, ṣé wàhálà nìyẹn? Àti pé ṣé òótọ́ ni ohun tí mò ń gbọ́ kiri pé kò síṣẹ́ mọ́ fáwọn tó ṣe PLAB tán? Mi ò fẹ́ náwó ìyàwó mi dànù.

IyaIbeji_Hull

OmoMapo, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Èmi náà ṣe kéà fún oṣù mọ́kànlá kí n tó wọlé, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ìwé ìdánwò la máa ń kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tó wà nílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa lé. Ìdánwò wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè jí ní aago mẹ́rin kẹ́ ẹ kà á, ṣùgbọ́n ìwé ilé, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà, ẹni yẹn ò sì mọ̀ pé ẹ̀ ń kánjú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí EPIC, ìyẹn yíyẹ sátífíkéètì wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí òun ló ń pẹ́ jù. GMC kì í fúnra wọn yẹ sátífíkéètì wò, ECFMG, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, ló ń bá wọn ṣe é. Ẹ máa ṣí àkáǹtì, ẹ máa gbé sátífíkéètì yín síbẹ̀, àwọn náà á kọ̀wé sí yunifásítì tẹ́ ẹ ti jáde pé ṣé lóòótọ́ lẹ gboyè níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há. Tèmi, wọ́n kọ̀wé, yunifásítì tí mo lọ dákẹ́. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gba ààyè níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Òṣogbo, ó lọ sí ọ́físì wọn, wọ́n ní àwọn ò rí ìméèlì kankan. Ó padà lọ, wọ́n ní ẹni tó ń mójú tó o wà ní líìfù. Ìgbà kẹta ló mú àga, ó jókòó ti obìnrin náà níwájú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n jọ wá ìméèlì yẹn títí wọ́n fi rí i nínú spam, tí obìnrin náà sì fèsì níṣojú ẹ̀. Oṣù karùn-ún nìyẹn. Nítorí náà ẹ wá ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tí ojú kì í tètè tì, kó bá yín máa lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà ni, ṣùgbọ́n kékeré ni tẹ́ ẹ bá tètè mú un. Ẹ lọ ṣe affidavit, ìwé ìbúra, ní kóòtù nílé tó sọ pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó ṣí àkáǹtì EPIC. Ọ̀rẹ́ mi kan fi orúkọ ọkọ ṣí tiẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá ẹ̀ ló wà lórí MBBS, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Láísẹ́ǹsì MDCN ẹ̀wẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, ẹ sì mọ̀ pé póìǹtì CPD, ti ẹ̀kọ́ àfikún, gbọ́dọ̀ pé. Ẹ san gbèsè ẹ̀, ẹ tún un ṣe báyìí, torí GMC á béèrè ìwé Good Standing, tó ń jẹ́rìí pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, lọ́wọ́ MDCN, ẹni tí láísẹ́ǹsì ẹ̀ ti kú ò lè rí i gbà bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ má tíì ní kí wọ́n fi Good Standing yẹn ránṣẹ́! Oṣù mẹ́ta péré ló ń lò lẹ́yìn tí wọ́n bá buwọ́ lù ú. Èmi fìtara gba tèmi nígbà tí mo yege PLAB 1, ó ti gbó kí n tó ṣe PLAB 2, mo tún san owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá ti yege PLAB 2 ni kẹ́ ẹ tó béèrè, MDCN ló sì máa fi ránṣẹ́ sí GMC fúnra ẹ̀.

House job yín dáa, ọdún kan gbáko ni wọ́n fẹ́, tí oṣù mẹ́ta ó kéré tán jẹ́ medicine, oṣù mẹ́ta sì jẹ́ surgery. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí ẹ̀ jáde níbikíbi tẹ́ ẹ bá kó o sí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì: IELTS Academic, 7.5 lápapọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó kéré sí 7.0 nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ, níjókòó kan ṣoṣo. Tàbí OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tàwọn oníṣẹ́ ìlera, kẹ́ ẹ gba B nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi ṣe IELTS lẹ́ẹ̀mejì, writing ló ń fún mi ní 6.5, mo yí sí OET mo sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí lẹ́tà ni wọ́n ní ká kọ nípa aláìsàn, ká fi ránṣẹ́ sí dókítà míì, iṣẹ́ tá a ti ń ṣe látọjọ́ yìí ni. OET ló wọ́n jù, àmọ́ owó ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ò tó ti ẹ̀ẹ̀mejì. Ọdún méjì lèyíkéyìí nínú wọn ń lò.

PLAB 1, ọgọ́sàn-án (180) ìbéèrè, wákàtí mẹ́ta, ẹ máa mú ìdáhùn kan nínú A dé E. Ẹ má lọ máa ka ìwé ìṣègùn ńlá Kumar and Clark látìbẹ̀rẹ̀ dópin o, kúẹ́ṣọ̀n báǹkì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ máa ṣe àádọ́ta lójúmọ́, èyí tẹ́ ẹ bá kùnà kẹ́ ẹ lọ wo ohun tí NICE, àwọn tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde níbí, sọ. Ìmọ̀ ò jìnnà sí yín, ohun tó yàtọ̀ ni ìlú. Nílé, ẹni tó bá gbé májèlé jẹ, apakòkòrò ló máa ń jẹ́, atropine, oògùn ẹ̀, ni ọwọ́ wa máa ń ká. Níbí, paracetamol ni, wọ́n á bi yín pé ìgbà wo lẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó di wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tó gbé e mì. Nílé, ẹni tí gìrì gbé ṣubú nígbà àkọ́kọ́, a máa wo orí ẹ̀, a máa wo ṣúgà ẹ̀. Níbí, wọ́n á tún bi yín pé ṣé ó ń wa mọ́tò, torí ó gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, kó má sì wa mọ́tò fún oṣù mẹ́fà. Nǹkan báyìí ló ń já èèyàn kulẹ̀, kì í ṣe àìsàn tó le.

Atelewo

Mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ṣé òótọ́ ni. Òótọ́ ni.

Mo yege PLAB 2, mo gba nọ́ńbà GMC mi, mo ya fọ́tò ẹ̀ mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi wáṣẹ́. Àpílíkéṣọ̀n tí mo fi sílẹ̀ lé ní igba, íntáfíù mẹ́ta ni mo rí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gbé iṣẹ́ kan sórí NHS Jobs tàbí Trac, ìkànnì ìwáṣẹ́ àwọn ọsibítù ìjọba, láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti tì í torí àwọn tó ti fi orúkọ sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo tan ìkìlọ̀ sórí fóònù mi, tó bá ti dún, ibi yòówù kí n wà, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan màá fi tèmi sílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, nínú ètò ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ilẹ̀ yìí gbé jáde fún NHS lóṣù keje 2025, wọ́n sọ ọ́ síta pé àwọn tó kàwé dókítà níbí àtàwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ NHS làwọn fẹ́ máa kọ́kọ́ fún láyè ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn onímọ̀ pàtàkì. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, ọmọ onílé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ná owó PLAB mọ̀ ọ́n kó tó ná an. PLAB 2 nìkan ti ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn, ká má tíì ka hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ẹ̀kọ́ àdáni táwọn èèyàn ń lọ.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀: mo kúrò nílé àwọn arúgbó, mo lọ ṣe healthcare assistant, olùrànlọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, nínú ọsibítù. Owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo wà nínú wọ́ọ̀dù, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní handover, nígbà tí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, registrar kan, dókítà tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wá mọ̀ pé dókítà ni mí, ó ní kí n wá máa tẹ̀lé àwọn lọ́jọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi mí sínú audit kan, ìyẹn àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn sí. Mo fowó ara mi lọ ṣe ALS, ẹ̀kọ́ nípa bá a ṣe ń jí ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró. Nígbà tí mo dé íntáfíù kẹta, wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe máa ké sí àgbà tí ara aláìsàn bá ń burú sí i lóru, mi ò ronú rárá, torí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é lójú mi. Clinical fellow ni wọ́n gbà mí sí, kì í ṣe ipò ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ni mí.

Torí náà ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é o, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ẹ kàn má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ torí pé ẹ yege, ẹ sì kúrò nínú kéà bọ́ sí ọsibítù kẹ́ ẹ tó ṣe PLAB 2.

Ekiti_Kete

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti PLAB 2 torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùnà ẹ̀, mo sì mọ ìdí ẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni GMC fún èèyàn láyè kó ṣe é, ọdún méjì lẹ sì ní lẹ́yìn PLAB 1, nítorí náà ẹ má lọ fi ìgbà àkọ́kọ́ dán an wò bí mo ṣe ṣe.

Manchester nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Yàrá mẹ́rìndínlógún, ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa ka bébà tó wà lára ilẹ̀kùn, aago á dún, ẹ máa wọlé. Òṣèré ló jókòó síbẹ̀ bí aláìsàn, ẹnì kan sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń máàkì, tí kì í sọ̀rọ̀.

Yàrá tó kẹ́yìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, obìnrin kan ni, oyún bà jẹ́ lára ẹ̀, èmi ni mo fẹ́ sọ fún un. Mo wọlé, mo rí ojú ẹ̀, ọmọ Yorùbá ni mí, ẹnu mi ti ń sọ "sorry" kí n tó jókòó. Mo sọ ohun tí scan fi hàn, mo tún ní "sorry." Ó ń sunkún, mo ní "sorry, sorry ma." Ó gbójú sókè, ó ní kí ló dé tí mò ń bẹ̀bẹ̀, ṣé nǹkan kan wà tí ẹ̀yin dókítà ṣe tó fa èyí ni? Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Pẹ̀lẹ́ ni mò ń kí i, òun ń gbọ́ pé mò ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo wá ń ṣàlàyé, mò ń ṣàlàyé, mo ka ohun mẹ́fà tó lè fa oyún bíbàjẹ́ fún un bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ọ̀jọ̀gbọ́n, títí aago fi dún. Obìnrin yẹn ò rí ohun kankan gbà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà kejì, mo há ọ̀rọ̀ sórí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tà fúnni nílé ẹ̀kọ́ àdáni, "I can see this is difficult for you," mo sọ ọ́ ní gbogbo yàrá, títí kan ti ẹni tó wá gba àbájáde ẹ̀jẹ̀ tó dáa. Mo tún kùnà.

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà kẹta kì í tiẹ̀ ṣe dókítà, màmá kan tá a jọ ń ṣe kéà ni. Ó ní, "Ìwọ, bó o ṣe máa ń jókòó ti àwọn arúgbó yìí, tó o máa ń bi wọ́n pé kí ló ń dùn yín gan-an, kí lẹ̀ ń rò, ṣé ohun tó ò lè ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn?" Ó wá yé mi. Nílé, a máa ń ní ọgọ́rin èèyàn lẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì, a máa ń sọ pé "Màmá, ẹ lo èyí láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì," a sì pe ẹlòmíì. A ò ráyè béèrè pé kí lẹ̀ ń bẹ̀rù. Níbí, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n ń máàkì. Nígbà kẹta, mo wọ yàrá kan, bàbá kan ò fẹ́ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò tíì ṣàlàyé kankan, mo bi í pé kí ló ń jẹ́ kí ọkàn ẹ̀ wúwo sí i. Ó ní àbúrò òun lo oògùn yẹn, ó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, kò dìde mọ́. Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní àbúrò yín ńkọ́, kí lorúkọ ẹ̀? Gbogbo ohun tó kù lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

OmoMapo, ẹni tó wo ìbọ̀sẹ̀ Bàbá, tó sì bi í ní iye ìrọ̀rí tó fi ń sùn, ẹ ti ń ṣe PLAB 2 lójoojúmọ́. Ẹ kàn wá ẹnì kejì tẹ́ ẹ máa jọ máa ṣe é lórí Zoom, kẹ́ ẹ máa ka aago ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

BabaSala_UCH

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ń gbé ní Kent báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ni pé kí OmoMapo má ṣe jẹ́ kí ojú tì í. Àwọn àgbà wa tó kọ́kọ́ ka ìṣègùn ní Ìbàdàn, Yunifásítì London ló fún wọn lóyè, torí abẹ́ London ni University College Ìbàdàn wà láti 1948 títí di 1962 tó dá dúró. UCH, ọsibítù ńlá yunifásítì yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1957, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń kọ́ oyè London ni. Nígbà yẹn, ẹni tó bá gboyè ní Ìbàdàn tó wá síbí, ìṣègùn kan náà ni gbogbo wọn kọ́, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ṣé ó mọ iṣẹ́. Wọ́ọ̀dù kan náà lẹ̀yin náà ti kọ́ṣẹ́. Òfin ló yí padà, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Lórí PLAB àbí MRCP: ẹni tó bá ní MRCP tán, GMC ò ní béèrè PLAB lọ́wọ́ ẹ̀, òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni MRCS tàwọn oníṣẹ́ abẹ àti MRCOG tàwọn tó ń tọ́jú aboyún àtàwọn míì. Ṣùgbọ́n "tán" lọ̀rọ̀ wà. Part 1 jẹ́ pépà méjì, ọgọ́rùn-ún ìbéèrè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Part 2 tún ń bẹ, lẹ́yìn náà PACES, níbi tẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ kan aláìsàn gidi níwájú àwọn tó ń yẹ̀ yín wò. Ẹni tí kò sí nínú wọ́ọ̀dù fún ọdún kan àtoṣù méjì, PACES á le fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo mọ̀ tó gba ọ̀nà yẹn, ilé ni wọ́n wà, nínú residency, ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn tó fẹ́ di àgbà dókítà, wọ́n ń rí aláìsàn lójoojúmọ́. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ ṣe PLAB, kẹ́ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ wá máa ṣe MRCP lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé medicine ló wù yín, Part 1 tẹ́ ẹ bá kọjá kí iṣẹ́ tó dé máa ń dùn ún wò nínú àpílíkéṣọ̀n, Atelewo lè jẹ́rìí sí i.

Ohun kejì, ti ìwé tẹ́ ẹ kọ nípa Bàbá. Ẹ ṣe dáadáa pé ẹ ò bọ́ sí ààyè dókítà, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ibí kéèyàn máa ṣe bíi dókítà láìsí nínú rẹ́jísítà, ó sì lè ba ọ̀nà yín jẹ́ pátápátá. Àmọ́ ẹ kọ ìdajì ohun tẹ́ ẹ rí. Kéà lè kọ pé ìbọ̀sẹ̀ ò wọlé mọ́ láti ọjọ́ báyìí. Kéà lè kọ pé ìrọ̀rí mẹ́ta ni Bàbá ń lò báyìí, pé òun fúnra ẹ̀ sọ pé èémí ò já gaara tóun bá sùn gbalaja. Kéà lè wọ̀n ọ́n, kó kọ iye kílò. Ohun tójú rí tétí gbọ́ ni gbogbo ìyẹn, orúkọ àìsàn nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni láísẹ́ǹsì. GP tó bá ka ìlà mẹ́ta yẹn, ó ti mọ ohun tó ń ṣe Bàbá kó tó wọ yàrá. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí kọ́ yín láti máa rí nǹkan kẹ́ ẹ máa pa á mọ́ra.

Atelewo

Mo jẹ́rìí sí i, Bàbá. Ẹni tá a jọ ṣe íntáfíù lọ́jọ́ kan ní MRCP Part 1, òun ni wọ́n mú.

OmoMapo

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìyàwó mi kà á pẹ̀lú mi, òun ló ní kí n fèsì lónìí kí n má jẹ́ kó tutù.

Bàbá, mo ti ṣe ohun tẹ́ ẹ wí. Láàárọ̀ yìí mo wọn Bàbá yẹn, mo kọ kílò ẹ̀ sílẹ̀, mo kọ pé ìrọ̀rí ti dín sí méjì, pé ìbọ̀sẹ̀ wọlé láìfipá fà á. Nọ́ọ̀sì ka á, ó ní ó dáa, kí n máa ṣe é láràárọ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun kékeré báyẹn lè mú kí n rìn jáde níbẹ̀ pẹ̀lú orí tó gbé sókè.

Ohun tá a jọ fẹnu kò sí nílé ni pé màá dín ṣíìfù kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìyàwó mi á máa fi náìtì ẹ̀ sí ọjọ́ tí mo bá wà nílé, aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ tèmi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ healthcare assistant méjì nínú ọsibítù. OET ni màá ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń lọ kóòtù ní Ìyágankú lọ́jọ́ Ajé fún affidavit, láti ibẹ̀ á gba ọ́físì yunifásítì lọ, mo ti sọ fún un pé kó mú oúnjẹ dání.

Ìbéèrè kan ló kù: lórí affidavit yẹn, ṣé orúkọ MBBS ni kí wọ́n kọ ṣíwájú ni àbí ti pásípọ́ọ̀tù?

IyaIbeji_Hull

Ti pásípọ́ọ̀tù ṣíwájú, torí òun lẹ máa fi ṣí gbogbo àkáǹtì, EPIC, OET, GMC. Kí wọ́n wá kọ pé òun náà lẹni tí wọ́n kọ báyìí-báyìí sórí sátífíkéètì MBBS, kí wọ́n sì da orúkọ yẹn kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, tó bá jẹ́ pé wọ́n gbàgbé "h" kan lórí sátífíkéètì, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ lórí affidavit náà. Kí àbúrò yín kà á dáadáa níwájú akọ̀wé kóòtù kó tó kúrò níbẹ̀. Kó sì gba ẹ̀dà mẹ́ta tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀, kì í ṣe fótókọ́pì.